Báwo ni ayàwòrán ṣe ń rí ìmísí? Ohun tí ìbòjú Fang láti Gabon kọ́ wa

Ìmísí ayàwòrán kì í ṣàdédé wá. Ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ yóò yà á sínú ìwé, kí ó tó di iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ìtàn ìbòjú àwọn Fang, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Gabon, fi hàn pé ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀ náà lè di ọ̀ràn.

Báwo ni ìbòjú náà ṣe dé Paris?

Ní ayé ìjọba amúnisìn Faransé, ọ̀pọ̀ ère àti ìbòjú onígi, tí a lè fi wé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, ni wọ́n kó láti Gabon lọ sí Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 1906, ayàwòrán Maurice de Vlaminck ta ìbòjú Fang funfun kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, André Derain. Vlaminck sọ pé nígbà tí Pablo Picasso àti Henri Matisse rí i lọ́dọ̀ Derain, ó wú wọn lórí púpọ̀.

Picasso lo ìwé ìyàwòrán 16 láti fi dán ọwọ́ wò kí ó tó parí àwòrán Les Demoiselles d'Avignon lọ́dún 1907. Ojú méjì nínú àwòrán náà jọ ìbòjú Áfíríkà. Ìgbésẹ̀ ọwọ́ Picasso wà lákọsílẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ orúkọ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ìbòjú Derain sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Uche Okeke, ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní Zaria lọ́dún 1958, kọ́ uli, ọnà tí àwọn obìnrin Igbo máa ń yà sí ara àti ògiri, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó tún kó àlọ́ Igbo jọ. Kò fi orísun iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Kí ló kan Gabon lónìí?

Lọ́dún 2022, wọ́n ta ìbòjú Fang mìíràn ní gbàǹjo ní Montpellier ní mílíọ̀nù 4.2 yúrò. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ti kọ́kọ́ tà á fún oníṣòwò kan ní 150 yúrò. Gabon lọ sílé ẹjọ́ kí ó lè gbà á padà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Alès kò gbà fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ìbòjú tí kò bá kúrò nílé ni ayàwòrán ilé lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ní Libreville, olú ìlú Gabon, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ṣì ní ìbòjú oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ó yẹ kí ayàwòrán tó bá lọ yà wọ́n níbẹ̀ kọ ọjọ́, ibi àti ẹ̀yà tó ni ìbòjú sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán rẹ̀, àti orúkọ agbẹ́gilére bí ó bá wà.