Ṣé O Mọ̀? Nígbà Tí Orí Ọkọ̀ Ńlá Bá Fẹ́ Fa Tírélà Ọlọ́rùn Gígùn

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pá irin kan tí kò nípọn ju íńṣì 2 lọ ni orí tírélà fi ń fa odindi kọ̀ntẹ́nà? Kingpin ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́ iwájú tírélà ló ti yọ wálẹ̀, àwo irin tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fifth wheel, a sì fi ẹnu gbá a mú.

Ṣé o mọ̀ pé kingpin àwọn lóbẹ́ẹ̀dì kan tó ń gbé katapílà nípọn tó íńṣì 3½? Kò lè wọ ẹnu tí wọ́n ṣe fún íńṣì 2. Bí kékeré bá sì wọ ẹnu ńlá, kò ní dì í mú.

Ṣé o mọ̀ pé tírélà ọlọ́rùn gígùn tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń fi píkọ́ọ̀pù fà kì í sábà ní kingpin rárá? Ẹnu rẹ̀ ṣófo, ó máa ń dé orí bọ́ọ̀lù irin bí fìlà. Ìbú bọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ íńṣì 2 àti 5/16, ìyẹn mìlímítà 58.7. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá bá ọkọ̀ òkun dé gẹ́gẹ́ bí tọ́kùnbọ̀, orí DAF tàbí Mack kò lè fà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti so wọ́n pọ̀. Ẹ lè yọ ẹnu tírélà náà, kí ẹ fi èyí tó ní kingpin rọ́pò rẹ̀. Ẹ lè ra irin agbedeméjì tó ní kingpin nísàlẹ̀ àti bọ́ọ̀lù lókè. Tàbí kí ẹ de bọ́ọ̀lù mọ́ àárín ṣáásì orí ọkọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fara mọ́ jù, nítorí gíga. Àwo orí ọkọ̀ ńlá ga tó nǹkan bí íńṣì 47 láti ilẹ̀, ó ju ti píkọ́ọ̀pù lọ dáadáa. Bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù lé e, imú tírélà yóò gbé sókè, ìdí rẹ̀ yóò sì máa gba ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí bọ́ọ̀lù náà bá wà ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ yóò gbọ́ ìdarí? Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù ló máa ń sọ̀ sórí rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ jù, táyà iwájú yóò fúyẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé iná wọn kò dọ́gba? DAF, MAN àti Howo ń lo fóólìtì 24. Tírélà ọlọ́rùn náà ń lo 12. So wọ́n pọ̀ láìsí ohun tó ń dín in kù, gílóòbù á jó, bíréèkì iná tírélà náà á sì bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ni bíréèkì orí ọkọ̀ ńlá, iná ni ti èyí. Réwáyà tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìdarí bíréèkì sí i níwájú awakọ̀. Ẹ má gbàgbé ṣéènì ààbò méjì, àti bátìrì kékeré tí yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ bí tírélà bá já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó irin mọ́ ṣáásì, kí ó má sì fi iná kan kingpin. Wọ́n ti fi ooru mú irin ṣáásì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá le láti ilé iṣẹ́. Iná wẹ́dà ń ba líle náà jẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán. Bóòtù tó le ni kí ẹ fi dè é.

Ṣé o mọ̀ pé irú àtúntò báyìí ni tírélà Fruehauf fi bẹ̀rẹ̀? Ní 1914, oníṣòwò pákó kan ní Detroit ní kí alágbẹ̀dẹ kan, August Fruehauf, bá òun wá ohun tí yóò gbé ọkọ̀ ojú omi òun. Ó kan ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì, ó so ó mọ́ Ford Model T. Oníṣòwò náà ní kí ó kan òmíràn fún pákó.

Ṣé o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára? Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó. Ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí gba Ìgandò tó wà níbẹ̀ kọjá. Ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́kadà ń bá ọkọ̀ ńlá dù ú. Ní Ojúẹlẹ́gba, ní Èkó kan náà, ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀ntẹ́nà já bọ́ lu jíìpù, èèyàn 3 kú. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì níbẹ̀, èèyàn 9 kú. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ntẹ́nà ní ihò tí kọ́kọ́rọ́ irin ara tírélà ń wọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ náà nìkan ni yóò di kọ̀ntẹ́nà mú.

Ṣé o mọ bí awakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹnu ti pa mọ́ kingpin? Yóò tẹ bíréèkì tírélà, yóò rọra fi jíà kékeré fà á síwájú. Lẹ́yìn náà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, yóò sì fojú ara rẹ̀ rí i. Bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Kí ó fi ẹsẹ̀ tírélà gbé ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀: bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti dì.