Lẹ́fì Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ṣómólú àti Bàríga: Kí Òbí Tó Nawọ́ Sókè

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ kì í pẹ́ kó tó kan ọ̀rọ̀ owó. Ẹnìkan á dìde, á ní owó tí òbí dá lọ́dún tó kọjá ti tán. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n tún un dá. Alága á ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, ìpàdé á tú. Ìyá tó sáré ti ọjà wá kò rí ẹni bi léèrè ohun tí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ṣe.

Torí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlàlóye yìí ṣe wà. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìṣirò owó àná kí ó tó dìbò lórí owó ọ̀la. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye tí wọ́n ń béèrè, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ tí ìdáwó náà yóò parí. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò ní in, kí ọmọ òun má sì torí ẹ̀ jìyà.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Láti kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí JSS 3, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Òfin náà tiẹ̀ ka ohun tí ọ̀fẹ́ yẹn kó mọ́ra: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá gba owó lórí wọn ti rúfin. Bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦10,000, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 3 jura, tàbí kó rí méjèèjì pa pọ̀.

Ibi tí owó náà ti yẹ kó wá kò ṣókùnkùn. Ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, sì máa pín in. Kí ìpínlẹ̀ tó rí owó ìkọ́lé gbà níbẹ̀, ó ní láti gbé tirẹ̀ kalẹ̀ kí méjèèjì dọ́gba. Ní Èkó, SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, tó wà ní Maryland ló ń bójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú sì ni apá rẹ̀ ní àdúgbò. Bàríga ní káńsù tirẹ̀ láti ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Bọ́lá Tinubu dá káńsù ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣì kà á mọ́. Ìwé òfin yẹn kan náà ló fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín nínú iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òbí tó bá lọ béèrè òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ alága káńsù, ojúṣe alága ló béèrè, kò tọrọ àánú.

Kí wá ni lẹ́fì PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́? Ìdáwó ni. Kì í ṣe owó-orí, kò sì lágbára owó-orí. Nígbà tí òfin ọdún 1998 to owó-orí àti lẹ́fì tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó dárúkọ owó ìsọ̀, owó ọjà, owó gáréèjì àti ti pátákó ìpolówó. Kò dárúkọ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn òbí bá fi ìfẹ́ inú dá láti tún ẹnu ọ̀nà ṣe tàbí láti sanwó ọdẹ, ẹnikẹ́ni kò lè kọ̀ ọ́ fún wọn. Bó bá ti di túláàsì, ó ti kúrò ní ìdáwó.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí ọ̀ràn yìí rí, ojú ìjọba sì rí màbo. Ní oṣù Keje ọdún 1952, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Orí owó rẹ̀ ni ìjà wà. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó àkànṣe fún ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn tó ń san owó-orí: ṣílè 10 àti pẹ́nì 6. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń bá a lọ sóko kò tíì rí kíláàsì. Agbowó-orí nìkan ló rí. Ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò, NCNC, gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ojúde ìpolongo, nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ sì dé lọ́dún 1954, wọ́n na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nínú ilé ara rẹ̀. NCNC gba ìjókòó 23, Action Group gba 18. Lẹ́fì nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ lẹ́fì kúrò nínú ìtàn náà kò sọ ọ́ tán.

Ìjọba kò pa ètò náà tì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ọmọ 456,600 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1954. Lọ́dún 1955, wọ́n ti di 811,432. Òbí fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí owó lọ. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, lọ́tẹ̀ yìí sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group gba ìjókòó 48 nínú 80. Láàárín ọdún méjì péré, ohun tó yí padà jù ni pé iṣẹ́ ti hàn sójú.

Ṣómólú àti Bàríga wà nínú ìtàn yìí gan-an. Lọ́dún 1954, wọ́n ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ṣómólú, Bàríga àti Múṣin kù sínú Ìwọ̀-Oòrùn títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kan ọmọ Bàríga lọ́dún 1955. Ọmọ Ẹ̀bùtè Mẹ́tta tí kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n tó wà nínú ìlú Èkó, dúró di ọdún 1957.

Níbòmíràn, ará àdúgbò ló ń fi ìbò pinnu lẹ́fì fúnra wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, apá kan owó ilé-ẹ̀kọ́ ń wá láti ara owó-orí ilé àti ilẹ̀, àwọn olùdìbò àdúgbò ló sì ń fọwọ́ sí i. Ìwé ìdìbò gbọ́dọ̀ sọ iye rẹ̀, iṣẹ́ tó wà fún, àti iye ọdún tí yóò lò. Ọdún 5 wọ́pọ̀. Bó bá pé, tí ìbò kò sì tún un fọwọ́ sí, owó náà dópin nìyẹn. Èyí dára, ó sì yẹ ní fífarawé. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ilé rẹ̀ kò níye lórí kò lè rí owó kó jọ bíi ti àdúgbò olówó. Lọ́dún 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ohio sọ nínú ẹjọ́ DeRolph pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà náwó sórí ilé-ẹ̀kọ́ ta ko ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà. Ìkìlọ̀ ni èyí fún wa. Bí òbí bá ń dáwó títí tí ìjọba fi gbàgbé ojúṣe rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ apẹja létí ọ̀sà Bàríga ni yóò kọ́kọ́ ṣubú sẹ́yìn.

Ibi tí irú ìbò bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ alábòójútó tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́, òbí, akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbà àdúgbò ń jókòó sí. Ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí láàárín ọdún 2008 sí 2017, ran irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní Èkó àti ìpínlẹ̀ 5 mìíràn. Níbi tí SBMC bá ti ń ṣiṣẹ́, kí owó òbí má ṣe gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Bó bá wá kan àtidá owó lọ́tun, ìṣirò ni kó ṣáájú. Kí akápò ka iye tó wọlé, iye tó jáde, ẹni tí wọ́n san án fún àti ohun tó ṣẹ́kù, kó sì kó rìsíìtì dání. Bí rìsíìtì kò bá sí, kí wọ́n sún ìbò síwájú. Ìpàdé kan tó sún síwájú kò pa ilé-ẹ̀kọ́ lára. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ àbá náà sílẹ̀ lọ́rọ̀ tó yé ènìyàn: owó mélòó, fún kí ni, títí di sáà wo. Ìnáwó tó wà lára ohun tí òfin sọ di ọ̀fẹ́, kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà rẹ̀ sí ìjọba. Fún ìbò fúnra rẹ̀, bébà kékeré sàn ju ọwọ́ nínà lọ. Òbí tí olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ń wò lójú kì í sábà lè sọ pé rárá, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí aláìní sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìbò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Alẹ́ tàbí ọjọ́ tí ọjà kò ná ló yẹ kí ìpàdé bẹ́ẹ̀ bọ́ sí.

Títẹ ìṣirò jáde kò yẹ kó ṣòro ní Ṣómólú nínú gbogbo Èkó. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi mọ àdúgbò náà, àwọn atẹ̀wé tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ òbí bíi ti àwọn yòókù. Ojú ìwé kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn sáà kọ̀ọ̀kan, tó.

Bí wọ́n bá lé ọmọ wálé nítorí owó PTA, tàbí tí wọ́n di èsì ìdánwò rẹ̀ mú, kí òbí má ṣe bá olùkọ́ jà lójú ọmọ. Kí ó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́, iye owó tí wọ́n béèrè àti ẹni tó béèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti SBMC ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí kò bá rí ojútùú, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú ló kàn, lẹ́yìn náà SUBEB ní Maryland. Tó bá jẹ́ ti ọmọ JSS, ọ̀dọ̀ Education District II, tó ń bójú tó Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú, ni kó mú un lọ. Ẹ̀dà méjì ni kó kọ; kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu èyí tí yóò mú padà sílé.