Yíyan àti Lílo Irinṣẹ́ fún Yíya Àwòrán Òṣùpá àti Ìràwọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ni

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Òṣùpá lé, ẹ ní kò gún; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe." Ọwọ́ wa kò tó òṣùpá, ṣùgbọ́n ojú kámẹ́rà tó o. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ló ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde láì tíì fojú rí kòtò kan ṣoṣo lára òṣùpá. Àwòrán inú ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọn yóò sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe àìsí owó ló ń fà á nígbà gbogbo. Ní ẹ̀ka tiwa, a ra awò awọ̀nàjíjìn kan tí eruku padà bò nínú yàrá ìkẹ́rùsí, nítorí pé bí a bá fọwọ́ kàn án pẹ́rẹ́, àwòrán a máa gbọ̀n. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí a ń gbé irinṣẹ́ lé ni kí a kọ́kọ́ náwó sí, kí a tó ronú nípa agbára awò.

Yíyan irinṣẹ́

Ohun mẹ́ta ló ṣe kókó. Èkíní ni ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó wúwo, kí atẹ́gùn má lè mì ín. Bí ó bá fúyẹ́, kí a so àpò iyanrìn kọ́ sí àárín rẹ̀. Èkejì ni kámẹ́rà. Fóònù tí a lè fọwọ́ ara wa yan iye àkókò tí ojú rẹ̀ yóò fi là sílẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni awò. A máa ń rí páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé awò inú rẹ̀ ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 500. Kí ìyẹn má tàn wá jẹ. Fífẹ̀ dígí ńlá rẹ̀ ni kí a bèèrè. Bí dígí náà bá fẹ̀ tó mìlímítà 70, agbára tó wúlò kò ju nǹkan bí ìlọ́po 140 lọ. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwòrán ńlá tó ṣú bàìbàì ni. Kí a sì ra ìdè kékeré tí a fi ń de fóònù mọ́ ojú awò.

Bí ayé ṣe ń yí

Ayé ń yí ní ìwọ̀n dígírì 15 ní wákàtí kan. Ìdí nìyí tí òṣùpá fi ń sún tó fífẹ̀ ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, tí ìràwọ̀ sì ń fà bí ìlà nínú àwòrán bí ojú kámẹ́rà bá là pẹ́ jù. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ń lò ni pé kí a fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì ní mìlímítà pín 500. Lẹ́ǹsì 50 yóò fún wa ní ìṣẹ́jú-àáyá 10; lẹ́ǹsì 25, tí ọ̀pọ̀ fóònù sún mọ́ ní ìríran, yóò fún wa ní 20. Bí ìràwọ̀ bá ṣì ń fà, kí a dín in kù.

Ẹ̀rọ kan wà tí ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ àríwá. Ní London, ìràwọ̀ yìí ga tó dígírì 51 lójú sánmà. Ní Kánò, nǹkan bí 12 péré ni; ní Èkó, 6 àti ààbọ̀. Igi, ilé àti eruku ọyẹ́ a máa bò ó mọ́ wa lójú. Nítorí náà, kí a má kánjú ra ẹ̀rọ náà.

Lílo irinṣẹ́ lálẹ́

Òṣùpá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe òṣùpá àrànmọ́jú. Ti ọjọ́ méje ló dára jù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń tàn sí i, òjìji òkè àti kòtò rẹ̀ a sì hàn kedere. Ó ti máa ń wà lókè kí oòrùn tó wọ̀, kò sì ní pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóorun. Kí a fi ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá bẹ̀rẹ̀, kí a wo èsì rẹ̀, kí a tó fi kún un tàbí dín in kù. Kí a ṣètò kámẹ́rà kó ya fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ìka wa má baà mì ín. Lẹ́yìn èyí, a lè lọ sórí Àgùàlà, tí òun náà ń lé bí òṣùpá, àti Júpítà pẹ̀lú òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tó tóbi jù.

Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò tíì dé, ni sánmà máa ń mọ́ jù. Bí ìrì bá sẹ̀ sí dígí, kí a má fi aṣọ nù ún. Kí a ká páálí yí iwájú awò kí ìrì tó dé rárá.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dojú awò tàbí kámẹ́rà kọ oòrùn láìsí fíltà oòrùn gidi níwájú dígí. Ojú lè fọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ìdúró tó lágbára àti fóònù tó wà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ya òṣùpá ní gbogbo alẹ́ tó bá hàn láàárín oṣù kan. Bí ó bá gbé àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà lọ síwájú kíláàsì nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò máa kọ́ni.