Ipa Ọ̀nà Àkọsílẹ̀ Ẹni Tí Ọlọ́pàá Mú ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn ní Ìkòtún, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n gbé e lọ. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni náà ṣe parí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò béèrè ohun kan náà. Inú ìwé ni ìdáhùn méjèèjì wà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ibi tí ìwé náà wà, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, àti ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ láti rí i. Kókó rẹ̀ ni pé kò sí ọ́fíìsì kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹni tó ń wá àkọsílẹ̀ ní láti tọ ipasẹ̀ ẹni tí a mú láti àgọ́ ọlọ́pàá dé kóòtù, àti láti kóòtù dé ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ìdí tí àkọsílẹ̀ fi pín sí ọ̀nà púpọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣẹ́rífù tí àwọn ará agbègbè dìbò yàn ló ń ṣàkóso ilé àtìmọ́lé wọn. Ní Houston, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, ènìyàn lè wá orúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé Harris County lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣẹ́rífù wà nínú òfin Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kóòtù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́ àti láti mú ìdájọ́ ṣẹ, irú èyí tí bélífù ń ṣe nígbà tó bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè. Kò ní ilé àtìmọ́lé lábẹ́ rẹ̀.

Abala 214 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ọdún 1999 fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sí abẹ́ àjọ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Alímọ̀ṣọ́ tóbi: ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ka 2,047,026 nínú ìkànìyàn tirẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Àwọn àgọ́ ọlọ́pàá bí Ìkòtún, Ìdímù, Ìgàndò àti Ìpájà wà lábẹ́ olú iṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Àbújá sì ni olórí gbogbo wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n jẹ́ ti àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn, nígbà tí kóòtù Májísíréètì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti ń kọ ìtàn ẹnì kan ṣoṣo.

Àkọsílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá

Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ ẹni tí a mú sílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ̀sùn tí a fi kàn án, ọjọ́ tí a mú un àti bí a ṣe mú un. A ó wọn gíga rẹ̀, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Gbogbo èyí kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa tún sọ pé láàárín wákàtí 24 ni kí a fi ìdí tí a fi mú un tó o létí, lórí ìwé, ní èdè tó gbọ́. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni a fún ọlọ́pàá láti gbé e dé iwájú adájọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ sí àgọ́ ní láti mú orúkọ ẹni náà ní kíkún lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́, àkókò àti ibi tí a ti mú un. Kí ó béèrè orúkọ ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn náà, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni fáìlì wà. Bí ọ̀ràn bá wúwo, wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀ràn ní Pántí, Yaba. Ìgbà náà ni àwọn ẹbí sábà máa ń sọ ipasẹ̀ ènìyàn wọn nù.

Òfin kan náà kò fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ sí àgọ́ nìkan. Ó pàṣẹ pé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá àgọ́ fi orúkọ àwọn tí a mú láìní ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ Májísíréètì tó súnmọ́ ọn jù lọ, kí ìròyìn sì máa lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àǹfààní èyí hàn kedere ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí iná jó ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Èkó. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn kò lè la irú iná bẹ́ẹ̀ já.

Kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ láti Ìkòtún àti Ìdímù ń lọ sí kóòtù Májísíréètì ní Èjìgbò. Nọ́ńbà ẹjọ́ tí akọ̀wé kóòtù bá fún un ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìwádìí láti ìgbà náà lọ. Májísíréètì kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, nítorí náà yóò fi afurasí sí àhámọ́, a ó sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Bí fáìlì yìí bá pẹ́ lọ́nà, ènìyàn a pẹ́ lẹ́wọ̀n. Èyí wà lára ìdí tí àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ fi ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà.

Àwọn ọgbà tó wà ní Èkó ni mẹ́ta ní Kírikírì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti obìnrin, pẹ̀lú ti Ìkòyí àti ti Àgbádárìgì. Òfin ọdún 2019 yí orúkọ àjọ náà padà sí ti àjọ atúnwàṣe. Ọgbà kò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni láìsí ìwé àṣẹ kóòtù. Ìwé yìí ló so ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọgbà mọ́ nọ́ńbà ẹjọ́.

Ẹ̀tọ́ láti béèrè

Òfin òmìnira ìròyìn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fi dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ni yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ààlà: ọlọ́pàá lè fi ohun tó lè ba ìwádìí jẹ́ pamọ́, a sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni. Bí a bá kọ̀ láìnídìí, kóòtù wà. Fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti àjọ ìrànwọ́ òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà.

Olùwádìí ìtàn yóò gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ìwé ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà Kọ́lónì Èkó, èyí tí ìṣàkóso agbègbè Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ láyé òyìnbó, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Orúkọ àti èdè

Ìṣòro kan kan onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé ọlọ́pàá kì í ní àmì ohùn, bí akọ̀wé bá sì ṣe gbọ́ orúkọ ni ó ń kọ ọ́. Ṣọlá lè di Sola tàbí Shola. A lè kọ orúkọ bàbá ṣáájú orúkọ ẹni. Orúkọ ìnagijẹ sì lè gba ipò orúkọ gidi. Ó yẹ kí a wá orúkọ kan ní gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́, kí a tó sọ pé kò sí nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò ṣe pàtàkì bákan náà. Lójú òfin, aláìṣẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀bi kò tíì fìdí múlẹ̀ fún. Afurasí ni ẹni tí a mú, olùjẹ́jọ́ ni ní kóòtù. Lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ̀bi nìkan ni a lè pè é ní ọ̀daràn. Ìwé àgọ́ jẹ́rìí pé a mú ènìyàn; kò jẹ́rìí pé ó jẹ̀bi.

Ìgúnlẹ̀

Ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí òdodo ọ̀ràn kan gbọ́dọ̀ fi ìwé àgọ́, ìwé kóòtù àti ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n wéra. Níbi tí ọ̀kan bá ti dákẹ́, òmíràn lè sọ̀rọ̀. Níbi tí gbogbo wọn bá sì ti dákẹ́ lórí ẹni tí a rí i pé ọlọ́pàá mú, kò yẹ kí ìwádìí dúró síbẹ̀: ilé ẹjọ́ gíga ni ó kàn, kí ó pàṣẹ pé kí a gbé ẹni náà jáde.