Abẹ́rẹ́ Tí Ó Bá Irun Mu



Ìyá kan tí ń ta gàrí lọ́jà ni ó bi wá ní ìbéèrè yìí. Irùngbọ̀n ń hù ú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń fi abẹ fá a nínú yàrá kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i. Àgbọ̀n rẹ̀ ti kún fún kókó àti àpá dúdú. Ó gbọ́ pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti iná mànàmáná pa irun láti ìdí, ó sì ti ń kó owó jọ. Irú abẹ́rẹ́ wo ni kò ní í ba ojú òun jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí: obìnrin tí ó hu irùngbọ̀n kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń hù ú, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá hù lójijì, tí ohùn sì ń ki bí ti ọkùnrin, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1875, Charles Michel, dókítà ojú ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí ó ṣe fi í pa irun ìpéǹpéjú tí ó yí sínú tí ń ha ẹyinjú.

Bí a bá fá irun, ìtàkùn ni a gé. Iṣu wà nínú ebè. Abẹ́rẹ́ ni ó ń wọ inú ihò irun dé ìdí rẹ̀. Irú iná kan ń fi ooru jó o. Irú kejì ń sọ omi oníyọ̀ inú ara di ohun tí ń jẹran, bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú.

Nọ́ńbà wà lára ọ̀rá abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹ wò ó. 2 tín-ín-rín, 6 nípọn. Nọ́ńbà 4 tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan: ẹ mú rúlà ọmọ yín, kí ẹ fojú inú gé ààyè kékeré kan sí mẹ́wàá.

Abẹ́rẹ́ àti irun gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn bákan náà. Irun wẹ́wẹ́ orí ètè ń fẹ́ 2 tàbí 3. Irun líle àgbọ̀n ń fẹ́ 4 tàbí 5. Èyí tí ó tóbi jù á fẹ ihò, á ṣe é léṣe. Àwọn kan rò pé èyí tí ó kéré jù ni kò ní í dunni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná á kó jọ sí ojú kan lára rẹ̀, á máa ta ni, ìdí irun sì lè má kú. Èyí tí ó nípọn jù nínú àwọn tí ó lè wọlé láìfi ipá ni kí wọ́n mú.

Irun tiwa tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ń lọ́, ihò rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lábẹ́ awọ. Ọwọ́ ẹni tí ó mọṣẹ́ ni èyí ń fẹ́. Kí wọ́n dán irun díẹ̀ wò ná, kí ẹ sì dúró wo bí awọ yóò ṣe rí, nítorí àpá tètè ń dúró lára dúdú.

Abẹ́rẹ́ tí ó wọ ihò dáadáa kì í gún ni bí ẹ̀gún. Iná ni ẹ ó mọ̀ lára. Irun á sì yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá ṣe yín bí ẹni pé wọ́n fà á tu, ìdí kò tíì kú.

Kí wọ́n já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹlòmíràn lè kó àrùn SIDA tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ ranni.

Ìyá onígàrí, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò owó mọ́tò mọ́ ọn kí ẹ tó gbéra. Ní báyìí ná, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí awọ yín lè sinmi.