Àbùkù Inú Fọ́ọ̀mù àti Ìjábọ̀ Microsoft Access: Ọ̀nà Ìtọpinpin àti Àtúnṣe

Ìfáárà

Ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Access jáde fún títọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nǹkan mẹ́rin ni ó ṣe kókó nínú rẹ̀: tábìlì, níbi tí dátà ń gbé, ìbéèrè, tí ó ń ṣa dátà jọ láti inú tábìlì, fọ́ọ̀mù, tí a fi ń kọ dátà wọlé, àti ìjábọ̀, tí a ń tẹ̀ sórí ìwé. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé pé ojú fọ́ọ̀mù àti ìjábọ̀ ni àbùkù ti máa ń hàn, ṣùgbọ́n inú ìbéèrè tàbí tábìlì ni ó ti sábà máa ń ṣẹ̀ wá. Àpẹẹrẹ tí a mú lò ni èsì ìdánwò tí olùkọ́ kan tò jọ, tí ó sì fẹ́ lọ tẹ̀ ní Táíwò Road, òpópónà ìṣòwò ní ìlú Ìlọrin.

Orúkọ tí ó pòórá

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni ó wà nínú tábìlì orúkọ, ṣùgbọ́n tí 37 péré jáde lórí ìwé. Ìjábọ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Bí ìbéèrè bá so tábìlì orúkọ mọ́ tábìlì máàkì, kìkì ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ nínú méjèèjì ni Access ń mú jáde. Ẹni tí a kò tíì kọ máàkì rẹ̀ yóò pòórá láìsí ìkìlọ̀ kankan. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ṣí ìbéèrè náà, kí a tẹ ìlà tí ó so tábìlì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì yan èyí tí yóò mú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wá.

Àròpọ̀ tí ó ṣófo

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba 28 nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, tí àyè máàkì ìdánwò rẹ̀ sì ṣófo, àròpọ̀ rẹ̀ yóò ṣófo pẹ̀lú. Lójú Access, òfìfo kì í ṣe òdo; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò mọ iye náà. Iṣẹ́ Nz lè sọ òfìfo di òdo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wádìí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣe ìdánwò ni, tàbí ìwé ìdáhùn rẹ̀ ni ó sọnù. Òdo tí a fi bo òfìfo lè sọ ẹni tí ó yege di ẹni tí ó fìdí rẹmi.

Àmì #Name?

Bí àmì yìí bá hàn nínú àpótí fọ́ọ̀mù, ó sábà máa ń jẹ́ pé orúkọ tí àpótí náà ń wá kò sí nínú tábìlì tàbí ìbéèrè. Bí a bá yí «Maaki» padà sí «Maki» nínú tábìlì, ó yẹ kí a wo Control Source àpótí náà, kí orúkọ méjèèjì lè bá ara mu.

Ojú ìwé òfìfo

Bí ojú ìwé òfìfo bá ń tẹ̀lé èyí tí ó ní ọ̀rọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé fífẹ̀ ìjábọ̀ pẹ̀lú àyè etí ìwé ni ó ju ti ìwé lọ. Ìwé A4 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21, Letter sì fẹ̀ tó 21.59. Ìjábọ̀ tí a ṣe fún Letter nílé lè ya sọ́tọ̀ báyìí bí ilé ìtẹ̀wé bá fi A4 sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí àyè etí ìwé bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́tùn-ún àti lósì, ìjábọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 17 lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìjábọ̀ tí ó dára lójú lè má pé. Nítorí náà, kí olùkọ́ ka iye orúkọ inú tábìlì, kí ó fi wé ti ìjábọ̀, kí ó sì wá àyè tí ó ṣófo kí ó tó gbéra lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Igi gànngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.