Bí Dùgbẹ̀ Ṣe Di Orúkọ Àrùn

Bàbá alápatà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Onírèké ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn àgbà ti ń tayò nírọ̀lẹ́. Ó ní orúkọ Dùgbẹ̀, àdúgbò ọjà Ìbàdàn, wà nínú ìwé àwọn dókítà káàkiri ayé, pé kì í sì í ṣe tìtorí ọjà, bí kò ṣe tìtorí eégbọn ara màlúù. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Òótọ́ ni. Ní 1964, yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ń ràn lọ́wọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì tuntun kan lára eégbọn màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀. Ottis Causey, tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Belém ní Brasil, ló ṣáájú wọn.

Àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kì í dúró de aláìsàn. Odò ẹran àti ọjà màlúù ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹran, wọ́n á já eégbọn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì gún omi rẹ̀ sínú ọpọlọ ọmọ eku funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí ọmọ eku bá dùbúlẹ̀ àìsàn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n fi àdúgbò Ìbàdàn sọ lórúkọ: Ṣàngó lára màlúù ní 1965, Sábó lára ewúrẹ́ ní 1966, àti Mọ́kọ́lá lára asín ní 1968. Wọ́n tún bá fáírọ́ọ̀sì Congo pàdé níbí, ìbátan Dùgbẹ̀ tó burú jù ú lọ.

Orúkọ ló dá ìjà sílẹ̀ nídìí ayò. Bàbá alápatà ní màlúù kì í ṣe ọmọ Dùgbẹ̀: ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya, tòun teégbọn rẹ̀, kí wọ́n lọ fi ìlú ẹni tó dà á sọ àrùn lórúkọ. Tíṣà àgbà kan ní rárá, àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n bá mú olè lọ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá kan tó ń kọjá lọ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí kò sí àrùn tó ń jẹ́ Onírèké, nígbà tí Mọ́kọ́lá àti Sábó kò jìnnà? Àbí torí pé ibùgbé àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò ṣìnà púpọ̀: ibi tí ẹran pọ̀ sí ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ibi tí àwọn ọ̀gá ń gbé. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n yé fi ìlú sọ àrùn tuntun lórúkọ. Ó ti pẹ́ jù fún Lassa ní Borno.

Mọ́kọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní tirẹ̀. Ìbátan dìgbòlugi ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká a. Ọmọdébìnrin kan kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní 1971.

Nígbà náà, wọ́n ń wá fáírọ́ọ̀sì kí aláìsàn tó dé; lóde òní, ikú ló máa ń ṣáájú àyẹ̀wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, adìyẹ ń kú ní Jàjí ní Kàdúná, irú àrùn tí Yorùbá ń pè ní lùkúlùkú ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tó ti wà láti 1924, yẹ̀ ẹ́ wò; Padova ní Ítálì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì di mímọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kejì pé H5N1, fáírọ́ọ̀sì fúlúù ẹyẹ, ni, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ní 2015, Yúróòpù ni wọ́n ti yẹ ẹ̀wà Nàìjíríà wò tí wọ́n bá oògùn kòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwa ń sè é jẹ ní tiwa. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré oògùn náà. Ní ọjà Bódìjà, àwọn oníṣòwò kan ní ata gbígbẹ làwọn ń fi sẹ́wà báyìí, bíi tàwọn ìyá àwọn; àwọn mìíràn ní ata ti wọ́n jù.